Nẹ́tíwọ̀kì Lè Já, Iṣẹ́ Orí Sẹ́fà Kò Gbọdọ̀ Bá A Lọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e jáde torí pé ìmọ̀ràn tí wọ́n ń rí gbà lórí rẹ̀ ń ná wọn lówó, kò sì yanjú ìṣòro wọn.

Láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjagun, láti Ìlíṣàn dé Ṣàgámù, àwọn ọmọ wa pọ̀ tó jẹ́ pé sẹ́fà tí wọ́n ń tọ́jú, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún àwọn oníbàárà, kò sí nítòsí rárá. Jámánì ló wà, tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tàbí Amẹ́ríkà. Láptọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ nípasẹ̀ ssh, ètò tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, wọ́n á ṣí tẹ́mínà, ìyẹn fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí, wọ́n á máa tẹ àṣẹ. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa gba wákàtí mẹ́ta, bóyá ó ń kó dátàbéèsì oníbàárà láti sẹ́fà kan lọ sí òmíràn. Ó ku díẹ̀ kó parí, NEPA mú iná, ráútà kú, ojú tẹ́mínà dúró gbagidi. Nígbà tó bá fi máa padà wọlé, iṣẹ́ ti kú, ó di kó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé kó lọ ra síìmù kejì, kó ra inverter, tàbí kó kó lọ sí Èkó. Mi ò bá inverter jà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, MainOne àti SAT-3 bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Àbíjàn, kò sí inverter tó gba ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí èrò bá ya wọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí gbogbo fóònù wá ń du òpó nẹ́tíwọ̀kì kan náà, síìmù mẹ́ta pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Orí sẹ́fà fúnra rẹ̀ ni ojútùú wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Tmux ni orúkọ rẹ̀, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí sẹ́fà bí nẹ́tíwọ̀kì bá tilẹ̀ já. Ẹ̀bẹ̀ mi sí gbogbo ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sẹ́fà, ni pé kí wọ́n kọ́ wọn ní tmux lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ wọn ní ssh, kó má jẹ́ oṣù kẹfà.

Ó yẹ kí ohun tó ń pa iṣẹ́ yé èèyàn ná. Nẹ́tíwọ̀kì tó já kò pa sẹ́fà. Okùn ló já, garawa ṣì wà nínú kànga. Sẹ́fà tó wà ní Frankfurt ní iná tirẹ̀, kò mọ̀ pé iná lọ ní Ìmọ̀wò. Ìsopọ̀ ssh ń rìn lórí TCP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, nǹkan mẹ́rin sì ni TCP fi ń dá ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀: àdírẹ́ẹ̀sì IP tiyín àti nọ́ńbà pọ́ọ̀tù tiyín, àdírẹ́ẹ̀sì IP sẹ́fà àti nọ́ńbà pọ́ọ̀tù tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 22. Bí ọ̀kan bá yí padà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìsopọ̀ yẹn ti bàjẹ́. Ẹ kúrò lórí wáyáfáì ẹ bọ́ sórí hotspot fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì ti yí nìyẹn. Ráútà kú, ó tún tàn, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ti fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn.

Lọ́dọ̀ sẹ́fà, ètò tó ń jẹ́ sshd ló ń dá yín lóhùn. Nígbà tó bá gbà pé ẹ ti lọ, á ti tẹ́mínà tó ṣí fún yín. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn Linux, á wá fi àmì kan tó ń jẹ́ SIGHUP, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, ránṣẹ́ sí bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ ń tẹ̀. Bash á fi àmì yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí òun náà tó jáde. Ètò tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá ti pa á láṣẹ pé kó kọ etí ikún sí SIGHUP, kíkú ló máa kú.

Àmọ́ sshd kì í tètè mọ̀ pé ẹ ti lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí. Bí iṣẹ́ náà bá ń kọ nǹkan sójú tẹ́mínà, sẹ́fà á máa tún un fi ránṣẹ́ léraléra, ó sì máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí Linux tó sọ̀rètí nù. Láàárín àkókò yẹn, bí ohun tí iṣẹ́ náà ń kọ bá ti pọ̀ jù, tí kò sí ẹni tó ń gbà á, iṣẹ́ náà á dúró lójú kan, á máa retí. Bí kò bá sì kọ nǹkan kan, tí alábòójútó sẹ́fà kò ṣètò ClientAliveInterval, tó ń jẹ́ kí sshd máa béèrè bóyá ẹ ṣì wà, TCP lè dúró fún 7200 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn wákàtí méjì, kó tó béèrè bóyá ẹ ṣì wà. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè padà wọlé, kí ẹ tẹ who, kí ẹ rí orúkọ ara yín lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ yín kò tíì kú nígbà yẹn. Ẹ ṣì lè gbà á là, mo sì máa dé ibẹ̀.

Ohun tí tmux ń ṣe ni pé ó ń ṣí tẹ́mínà mìíràn sórí sẹ́fà, tẹ́mínà tí ètò tmux fúnra rẹ̀ ni. Ìsopọ̀ ssh yín kàn ń wo tẹ́mínà yẹn ni. Bí ssh bá kú, ẹni tó ń wò ló lọ. Tẹ́mínà tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ kò tì, SIGHUP kò sì dé ọ̀dọ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ bá ti wọ sẹ́fà, tó bá jẹ́ Ubuntu tàbí Debian, ẹ tẹ:

sudo apt install tmux

Lórí Fedora, Rocky tàbí AlmaLinux, dnf ni ẹ máa fi rọ́pò apt. Lẹ́yìn náà:

tmux new -A -s ise

Ise yẹn orúkọ ni, ẹ lè pè é ní ohun tó bá wù yín, kó ṣáà má ní àmì ohùn, kó má sì ní àmì ìdánudúró (.) tàbí kólọ́ọ̀nù (:) nínú, torí tmux kì í gba méjèèjì yẹn nínú orúkọ. -A ló ń sọ fún un pé bí sẹ́ṣọ̀n (ibi iṣẹ́ tí tmux ṣí) tó ń jẹ́ orúkọ yìí bá ti wà nílẹ̀, kó gbé yín padà sínú rẹ̀, bí kò bá sí, kó ṣí tuntun. Àṣẹ kan ṣoṣo yìí ni ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ẹ fi ń padà. Ìlà aláwọ̀ ewé máa yọ nísàlẹ̀ ojú tẹ́mínà. Bí ẹ kò bá rí ìlà yẹn, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ jáde kí iṣẹ́ máa lọ, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú b, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí méjèèjì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ d. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, tí nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀, wọ́n á wá rò pé tmux kò ṣiṣẹ́. Ẹ má tẹ exit o, ẹ má sì tẹ Ctrl pẹ̀lú d lórí ojú tẹ́mínà tí kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, torí ìyẹn ń ti fèrèsé náà pátápátá. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lójijì, ẹ kò ní láti tẹ nǹkan kan, tmux á fúnra rẹ̀ já yín sílẹ̀.

Ẹ ti padà dé báyìí, ẹ tẹ tmux ls kí ẹ rí orúkọ àwọn sẹ́ṣọ̀n tó wà, lẹ́yìn náà:

tmux attach -d -t ise

-d yẹn ń lé ìsopọ̀ àtijọ́ tí sshd kò tíì mọ̀ pé ó ti kú jáde. Bí ẹ kò bá fi í sí i lórí tmux àtijọ́, ẹ lè rí i pé ojú iṣẹ́ sún kì, tí àmì tóótòòtó wá kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí tmux ń gbìyànjú láti bá ìwọ̀n ẹni méjì mu, ọ̀kan nínú wọn kò sì sí mọ́.

Láti wo ohun tó ti kọjá lókè, Ctrl pẹ̀lú b, kí ẹ tẹ àmì [, kí ẹ fi PageUp gòkè, q ni ẹ fi ń jáde. Ìlà 2000 péré ni tmux ń rántí bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún un, iṣẹ́ alariwo á sì jẹ ìyẹn tán kíákíá. Ẹ ṣí fáìlì ~/.tmux.conf, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

set -g history-limit 50000

Fèrèsé tí ẹ bá ṣí lẹ́yìn ìgbà yẹn nìkan ló máa tẹ̀ lé e. Fún iṣẹ́ tó ṣe kókó, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí tmux nìkan. Ẹ fi 2>&1 | tee ise.log parí àṣẹ yín, kí gbogbo ohun tó bá sọ lè wà nínú fáìlì, torí bí sẹ́fà fúnra rẹ̀ bá kú tó sì tún jí, tmux kò ní rántí nǹkan kan, ṣùgbọ́n fáìlì á wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí èèyàn ṣí tmux sórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, kó wá ti inú rẹ̀ ṣe ssh lọ sí sẹ́fà. Ìlà aláwọ̀ ewé á yọ lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ tó lè já ṣì wà láàárín tmux àti iṣẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì já, iṣẹ́ kú bí ó ṣe máa ń kú, tmux tó wà lórí láptọ́ọ̀pù kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Ssh ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí tmux tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń lo Termux lórí fóònù Android náà ń ṣe àṣìṣe yìí. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dá yín lójú, ẹ wo ìparí ìlà aláwọ̀ ewé yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún: orúkọ ẹ̀rọ tí tmux wà lórí rẹ̀ ló máa ń kọ síbẹ̀. Orúkọ sẹ́fà ló yẹ kí ẹ rí.

Ẹni tó bá bá screen nílẹ̀ lórí sẹ́fà àtijọ́, kó lò ó. Ó ti wà láti ọdún 1987, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: screen -S ise láti ṣí i, Ctrl pẹ̀lú a lẹ́yìn náà d láti jáde, screen -d -r ise láti padà. Red Hat, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Linux, ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tó wà nínú ẹ̀dà 8 wọn, nítorí náà bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, tmux ni kí ẹ kọ́.

Nígbà tí ojú tẹ́mínà bá dì, tí ohun tí ẹ ń tẹ̀ kò yọ, ẹ má ti fèrèsé, ẹ má sì pa láptọ́ọ̀pù. Ẹ tẹ Enter, ẹ tẹ ~, ẹ tẹ àmì ìdánudúró. Ssh á já lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì padà sórí ẹ̀rọ tiyín. Dandan ni kí ~ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ lẹ́yìn Enter, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ssh á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ bá ti inú sẹ́fà kan wọ òmíràn, ~ ẹ̀ẹ̀kan máa já ti àkọ́kọ́, ~ lẹ́ẹ̀mejì á já èyí tó wà nínú rẹ̀.

Ìjákulẹ̀ mìíràn wà tí kò ní ohun tó kàn án pẹ̀lú iná tàbí òjò. Ẹ fi tẹ́mínà sílẹ̀ kí ẹ lọ jẹun, ẹ padà dé, ó ti dì. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì IP kan, wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n fi ń rántí ẹni tó ni ìsopọ̀ wo. Ìsopọ̀ tó bá dákẹ́ pẹ́, wọ́n á pa á rẹ́ nínú ìwé yẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ èyí sínú ~/.ssh/config lórí láptọ́ọ̀pù yín:

Host *
    ServerAliveInterval 30
    ServerAliveCountMax 6

Ssh á máa kí sẹ́fà ní gbogbo 30 ìṣẹ́jú àáyá tí ohunkóhun kò bá wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìkíni mẹ́fà bá lọ láìsí èsì, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́ta, á gbà pé ìsopọ̀ ti kú, á sì já a. 0 ni ServerAliveInterval bí ẹ bá ra ẹ̀rọ dé, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi 5 àti 2 síbẹ̀ kó lè tètè mọ̀. Ìyẹn burú fún nẹ́tíwọ̀kì tiwa: òpó á ṣẹ́jú fún 10 ìṣẹ́jú àáyá péré, ssh á ti já ìsopọ̀ tó ṣì lè padà bọ̀ sípò. Ní ti dátà, ìkíni yìí kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan lọ láàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa padà wọlé fúnra rẹ̀ lè tẹ èyí, bó bá jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ssh ló fi ń wọlé, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà:

until ssh -t sefa tmux new -A -s ise; do sleep 5; done

Sefa ni orúkọ tí ẹ fún sẹ́fà yín nínú ~/.ssh/config. Bí ìsopọ̀ bá já, ssh máa ń fi nọ́ńbà 255 jáde, èyí tó mú kí àṣẹ yìí sinmi fún 5 ìṣẹ́jú àáyá kó tún gbìyànjú. Bí ẹ bá fúnra yín jáde pẹ̀lú Ctrl-b àti d, 0 ló máa dá padà, gbogbo rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ má gbàgbé -t, tmux kò ní ṣí láìsí i. Àwọn kan máa ń kọ RemoteCommand, àṣẹ tí ssh máa ṣe gbàrà tó bá wọlé, sínú config dípò èyí. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi í sábẹ́ orúkọ Host mìíràn, torí rsync tí a fi ń kó fáìlì kò ní lè gba ibi tí RemoteCommand bá wà kọjá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mosh náà wà. Ọdún 2012 ni àwọn ọmọ yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Ssh ló fi ń wọlé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà á bọ́ sórí UDP, ìlànà mìíràn tó yàtọ̀ sí TCP, kò sì ka àdírẹ́ẹ̀sì yín sí mọ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lórí wáyáfáì ní Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ pa láptọ́ọ̀pù dé, kí ẹ ṣí i lórí hotspot ní Ìperu, ibi tí ẹ dé dúró ni ẹ ó bá a. Lórí nẹ́tíwọ̀kì tó ń fà, ó tún máa ń fi lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ hàn kí sẹ́fà tó dáhùn, èyí tí ssh kì í ṣe. Orí ẹ̀rọ méjèèjì ni kí ẹ fi í sí. Ó ń lo pọ́ọ̀tù UDP láti 60000 sí 61000, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣí wọn:

sudo ufw allow 60000:61000/udp

Èyí nìkan kò tó bí sẹ́fà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ní ògiri ààbò tirẹ̀ lókè. Ẹ ní láti ṣí i lójú ìwé ìṣàkóso wọn náà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ pé mosh kò gba nǹkan kan lórí UDP 60001, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá ń ṣàròyé nípa UTF-8 (ìlànà kíkọ lẹ́tà), locale (ètò èdè) sẹ́fà ni kí ẹ tún ṣe. Àwọn wáyáfáì ọ́fíìsì tó dí UDP pa kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rárá, kí ẹ padà sórí ssh níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mosh kò rọ́pò tmux. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá kú pátápátá, mosh tuntun kò lè mú sẹ́ṣọ̀n àtijọ́, torí kọ́kọ́rọ́ ìsopọ̀ náà ti bá láptọ́ọ̀pù lọ. Kì í sì í tọ́jú ohun tó ti kọjá lókè. Nítorí náà, ẹ pa méjèèjì pọ̀:

mosh sefa -- tmux new -A -s ise

Mo ṣèlérí pé mo máa dé orí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí tmux. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá tíì já, tí ẹ kàn rántí lójijì, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú z kí iṣẹ́ dúró, ẹ tẹ bg kó máa lọ lẹ́yìn, lẹ́yìn náà disown -h %1 kí bash má fi SIGHUP ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ á yè, àmọ́ ẹ kò ní rí ohun tó ń sọ mọ́ bí ìsopọ̀ bá já, iṣẹ́ tó bá sì ń béèrè ìbéèrè á dúró láìrí ẹni dá a lóhùn.

Bó bá ti já, ẹ tètè padà wọlé. Ẹ ṣí tmux tuntun, ẹ tẹ ps -u $USER -f, ẹ wá nọ́ńbà iṣẹ́ yín. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ètò kan wà tó ń jẹ́ reptyr tó lè fà á wá sínú tmux. Apt ló ń gbé e wá. Ubuntu máa ń dí ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣí i:

echo 0 | sudo tee /proc/sys/kernel/yama/ptrace_scope
reptyr 4127

4127 dúró fún nọ́ńbà tí ẹ rí. Bó bá kọ̀ nítorí pé iṣẹ́ náà ní àwọn ọmọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi sudo reptyr -T gbìyànjú. Gbàrà tí ẹ bá ti gbà á, ẹ dá 1 padà sí ibi tí ẹ fi 0 sí, torí ààbò ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Nígbà tí sshd bá gbà pé ẹ ti lọ, kò sí ohun tí reptyr fẹ́ fà mọ́.

Iṣẹ́ tó bá kú pátápátá náà ní bí a ṣe ń tún un ṣe, ó sì yàtọ̀ síra. Apt tó kú láàárín, sudo dpkg --configure -a ni. Fáìlì tí ẹ ń kọ nínú vim, ẹ fi vim -r àti orúkọ fáìlì ṣí i, á mú ohun tó wà nínú fáìlì .swp jáde, ẹ fi orúkọ mìíràn pa á mọ́, kí ẹ fi í wé ti àtijọ́ kí ẹ tó pa .swp rẹ́. Fáìlì ńlá tí ẹ ń kó, rsync --partial kò ní jẹ́ kí apá tó ti dé ṣòfò. Ní ti psql tí a fi ń bá dátàbéèsì ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ kò bá tíì COMMIT (fọwọ́ sí) ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ tún un ṣe ni.

Nígbà mìíràn ẹ lo tmux dáadáa, ẹ padà dé, tmux ls sọ pé kò sí sẹ́ṣọ̀n kankan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ẹ tẹ uptime. Bó bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni sẹ́fà ti wà lójúfò, á jẹ́ pé sẹ́fà ló kú tó jí, tmux kì í sì í la ìyẹn já. Bí sẹ́fà bá ti pẹ́ lójúfò, ẹ tẹ whoami: sẹ́ṣọ̀n tí ẹ fi sudo ṣí, ti root (alábòójútó àgbà) ni, kò ní yọ fún yín. Ẹ tẹ hostname náà, pàápàá ní àwọn ibi ìwádìí tó ní ẹ̀rọ ìwọlé méjì tàbí mẹ́ta, torí ẹ lè ti bọ́ sórí èyí tí kì í ṣe ti àná. Bí pgrep -a tmux bá fi hàn pé ó wà níbẹ̀ síbẹ̀, bóyá ètò tó ń gbá /tmp mọ́ ló pa fáìlì ìsopọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ẹ tẹ pkill -USR1 tmux, á jẹ́ kó dá òmíràn. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti jáde ni tmux ń kú, systemd, ètò tó ń darí àwọn iṣẹ́ lórí Linux, ló ń pa á. Láti ẹ̀dà 230 ni wọ́n ti gbà á láyè láti pa gbogbo iṣẹ́ ẹni tó bá jáde. Debian àti Ubuntu kò fara mọ́ ọn, wọ́n pa á tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Linux ló ṣe bẹ́ẹ̀. Alábòójútó lè fi loginctl enable-linger àti orúkọ yín gbà yín láyè, kí ẹ sì máa fi èyí ṣí tmux:

systemd-run --user --scope tmux new -A -s ise

Ẹ̀yin olùkọ́ Linux wa, ìdajì wákàtí ti tó fún gbogbo èyí nínú kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí tmux lórí sẹ́fà, kó tẹ ping, àṣẹ tó ń kí ẹ̀rọ mìíràn léraléra, sínú rẹ̀, kí ẹ yọ wáyà ráútà lójú gbogbo wọn, kí ẹ dá a padà, kí olúkúlùkù padà wọlé kó wo bí nọ́ńbà ping ṣe ń lọ láìdúró. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn ṣe yẹn ni wọn kò ní gbàgbé.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà yìí, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn tó ń to ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má fi àmì ohùn sórí àwọn àṣẹ, kí wọ́n má sì sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. -s àti -S kì í ṣe ohun kan náà nínú tmux, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun kan náà nínú screen. Ìlà kékeré méjì tó tẹ̀ lé ara wọn nínú --partial, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé má so wọ́n pọ̀ di ìlà gígùn kan, torí ẹni tó bá dà á kọ láti inú ìwé ìròyìn, rsync á sọ fún un pé òun kò rí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú sẹ́fà kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.